Ọwọ́ tó ń hú bọ́ǹbù inú ilẹ̀

Ní ọdún 2025, Pólándì, Fínlándì, Ẹstóníà, Látífíà àti Lituéníà kéde pé àwọn ń jáde kúrò nínú àdéhùn Ottawa, àdéhùn ọdún 1997 tó ka bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn léèwọ̀. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ló ń bà wọ́n, wọn ò sì fi pamọ́. Ìròyìn náà ti dé etí gbogbo wa. Ẹni tí yóò hú bọ́ǹbù wọ̀nyí lọ́jọ́ iwájú ni èmi ń rò. Ohun tí ọmọ ogun rì mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹlòmíì ni yóò wá kúnlẹ̀ tì í lẹ́yìn ogún ọdún, tòun ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ewu iṣẹ́ yìí ni kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ṣèèṣì tẹ bọ́ǹbù. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Andy Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, ti ń kó àkọsílẹ̀ ìjàǹbá àwọn òṣìṣẹ́ yìí jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun mìíràn ló sì hàn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń walẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ awárin ti ké ni ìjàǹbá ń pọ̀ jù. Ọwọ́ àti ojú ló sì sábà máa ń fara gbá a.

Ẹni tó bá ti wa ẹ̀gẹ́ rí nílẹ̀ oníyanrìn Iworo, létí Àgbádárìgì, yóò tètè lóye ìdí rẹ̀. (Kò sí bọ́ǹbù nínú ilẹ̀ Iworo o, àpèjúwe ni mo ń ṣe.) Ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ í wà kì í ki àdá bọ̀ ọ́ láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò ti máa họ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ yóò fi kan ara ẹ̀gẹ́, kó má baà ṣá a. Bákan náà ni bọ́ǹbù inú ilẹ̀ rí. Orí rẹ̀ ló ń gba ìtẹ̀; bí nǹkan bá rọra kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í sábà bú. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ ti ké, tí yóò ki ọ̀pá rẹ̀ bọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 30 dígírì sí ilẹ̀, kó lè bá ẹ̀gbẹ́ pàdé.

Ilẹ̀ kì í dúró sójú kan, níbẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ ri ife kan sínú yanrìn etí ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ padà wá a lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá rí i, ó lè ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì kọjú síbòmíì. Bọ́ǹbù náà ń yí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò igi ń tì í, àgbàrá ń gbé e. Ní Mòsáḿbíìkì, omíyalé ọdún 2000 gbé àwọn kan kúrò níbi tí wọ́n rì wọ́n sí. Bí bọ́ǹbù bá ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé ìlànà láìṣẹ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ wá, orí bọ́ǹbù gan-an ló ń fi ọ̀pá gún. Kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ẹ tún wo ti ẹ̀rọ awárin. Ike ni ọ̀pọ̀ bọ́ǹbù yìí, irin inú wọn kò ju nǹkan bí abẹ́rẹ́ àti súpìríǹgì kékeré lọ. Ẹ̀rọ tó bá lè gbọ́ irin tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò ké lórí ìdérí ìgò, yóò ké lórí ìwọ̀ ẹja, yóò ké lórí ìṣó ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Gbogbo rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà bí ẹni tó ń wa bọ́ǹbù. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìdérí ìgò, nínú oòrùn ọ̀sán, òógùn ti bo ìbòjú onike rẹ̀, kò ríran dáadáa mọ́, ó sì gbé e sókè díẹ̀. Àkọsílẹ̀ kún fún ojú tó fọ́ lọ́nà yìí.

Ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ náà, IMAS, ní kí aṣọ ààbò lè gba ìbúgbàù 240 gíráàmù TNT láti 60 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tó wà nínú PMN, bọ́ǹbù Soviet tó tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà, náà nìyẹn. 60 sẹ̀ǹtímítà kò tó ìṣísẹ̀ kan. Ojú àti àyà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di ṣọ́bìrì kúkúrú mú wà lórí bọ́ǹbù gan-an. Bí ara bá sì fi díẹ̀ jìnnà sí ìbúgbàù, agbára tó ń bá a ń já wálẹ̀ gidigidi. Ní Siri Láńkà, wọ́n lo réèkì ọlọ́wọ́ gígùn láti máa họ yanrìn kúrò. Kò ní wúlò láàárín gbòǹgbò tàbí lórí ilẹ̀ líle, mi ò sì ní sọ pé kó rọ́pò ẹ̀rọ. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọ̀pá tó fi ìgbọ̀nwọ́ kan gùn sí i lè gba ọwọ́ là ju aṣọ olówó ńlá lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ní 2011, Nàìjíríà kéde pé òun ti hú àwọn bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tán. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá 2017, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja fọwọ́ sí i pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 88 náírà nítorí bọ́ǹbù tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 fi sílẹ̀. Bílíọ̀nù 50 fún àwọn tó fara gbá a, ìyókù fún híhú bọ́ǹbù tó ṣẹ́ kù àti àtúnṣe. Ní Borno, Boko Haram àti àwọn tó yapa lára wọn ti ń rọ tiwọn: irin méjì, bátìrì, ike. Ní 28 oṣù Kẹrin 2025, ọ̀kan pa èèyàn 26 ní ojú ọ̀nà Rann sí Gamboru Ngala. Èyí kò ní orí, kò ní ẹ̀gbẹ́, nítorí bó ṣe wu ẹni tó rọ ọ́ ló ṣe rọ ọ́. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ tì í. Okùn gígùn ni kí wọ́n fi fà á láti òkèèrè.

Àwa ará Èkó náà ti rí i. Nígbà tí àgọ́ ológun Ìkẹjà bú gbàmù ní 27 oṣù Kínní 2002, ọ̀pọ̀ ohun ìjà tí kò tíì bú fò wọ àdúgbò. Nítorí náà, bí o bá rí irin àjèjì nínú yanrìn, lóko tàbí létí omi, má ṣe wà á, má ṣe jù ú, má sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Padà gba ojú ẹsẹ̀ rẹ, lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí o sì pe 112, tàbí 767 bí o bá wà ní Èkó.