Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀?

Ìwádìí tí UNODC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé èèyàn tó lé ní 22 nínú 100 lẹ́kùn wa, Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Kí ọmọ má bàa kó sínú rẹ̀, àwọn kan ní kó ṣáà ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kiri omi ní gáréèjì Orè kò jókòó lásán, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta párága ló ń dúró sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àìsí àgbàlagbà nítòsí ló léwu jù.

Ní Iceland, wọ́n sanwó eré ìdárayá fáwọn ọmọ, àwọn òbí sì ń ṣọ́ wọn lálẹ́: láàárín 1998 sí 2016, iye àwọn ọ̀dọ́ tó sọ pé àwọn mutí yó láàárín oṣù tó ṣáájú já láti 42 sí 5 nínú 100. Òótọ́ ni pé wọ́n lówó jù wá lọ, ṣùgbọ́n pápá ilé ìwé wa ti wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan àti olùkọ́ kan tó lè dúró di aago mẹ́fà ló kù.