Ẹ̀tọ́ Àwọn Tó Ní Ìpèníjà Òye àti Ti Ẹbí Wọn

Ìpèníjà òye yàtọ̀ sí àrùn ọpọlọ. Ẹni tó bá ní in máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé e, ó sì lè nílò alátìlẹ́yìn bó bá fẹ́ náwó, kàwé tàbí dá rìnrìn àjò. Síbẹ̀, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tí òfin àgbáyé wá ń sọ nìyẹn.

ÀWỌN ỌDÚN PÀTÀKÌ
1971: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà òye ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín ẹbí bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ẹbí náà sì rí ìrànwọ́ gbà. Ìkéde lásán ni, kò de ìjọba kankan.
2006: Àjọ náà fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Akàndá Ẹ̀dá, tó kan àwọn tó ní ìpèníjà òye náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá. Èyí de ìjọba tó bá gbà á wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 2008.
2010: Nàìjíríà gbà á wọlé.
2018: Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe àdéhùn tirẹ̀, ó di òfin ní 2024.
2019: Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ jáde ní Nàìjíríà.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀDÉHÙN 2006
Abala 12: Akàndá ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí alátìlẹ́yìn là á yé e, kó má gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀.
Abala 19: Òun ni yóò yan ibi tí yóò gbé àti ẹni tí wọn yóò jọ gbé.
Abala 23: Ó lè gbéyàwó tàbí lọ́kọ, ó lè bímọ. Wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ìpèníjà ọmọ tàbí ti òbí gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Bí òbí kò bá lágbára ìtọ́jú, mọ̀lẹ́bí ni kí ìjọba kọ́kọ́ wá.
Abala 24: Kí wọ́n má ṣe lé e kúrò ní ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ.

ẸNI TÓ ṢOJÚ WỌN
Robert Martin, ọmọ New Zealand, ní ìpèníjà òye. Láti kékeré ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, tó jìnnà sí òbí rẹ̀. Ó dàgbà, ó wà lára àwọn tó jíròrò Àdéhùn náà ní New York. Ní 2016, wọ́n dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 18 tó ń bójú tó o. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní ìpèníjà òye tó dé ibẹ̀. Ó kú ní 2024.

BÍ WỌ́N BÁ TẸ Ẹ̀TỌ́ LÓJÚ
Òfin Nàìjíríà fún akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ gbé ẹ̀sùn lọ sí Kọmíṣọ̀n Àpapọ̀ fún Àwọn Akàndá Ẹ̀dá tàbí sí ilé-ẹjọ́. Bí gbogbo ọ̀nà abẹ́lé bá dí, ẹni tọ́rọ̀ kàn lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà ní Geneva, nítorí Nàìjíríà ti gba ìlànà tó fàyè gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wọlé.

ỌJỌ́ ÌRÁNTÍ
21 oṣù Kẹta: Ọjọ́ Down Syndrome (ọ̀kan lára ohun tó ń fa ìpèníjà òye) Lágbàáyé.
3 oṣù Kejìlá: Ọjọ́ Àwọn Akàndá Ẹ̀dá Lágbàáyé.