Owó Iṣẹ́ Obìnrin Tó Wà Lájò

Ẹ̀yin abiyamọ, èló ni ẹ ń san fún obìnrin tó ń bá yín tọ́mọ, tó sì ń bá yín fọṣọ ní Àgbàdo? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ní 1976, àwọn obìnrin ìran Íńdíà tí wọ́n ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fọ́tò Grunwick ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí pọ́n-ùn 28 ni wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin mìíràn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ nílùú náà ń gba bí 44. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Àlejò ni wọ́n, agbanisíṣẹ́ sì mọ̀ pé wọn kò ríṣẹ́ yàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Jayaben Desai fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà parí ní 1978. Wọn kò rí ohun tí wọ́n béèrè gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ohùn wọn.

Ilé tiwa ńkọ́? Àwọn obìnrin láti Kùtọ̀nú àti Tógò ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní 2024, 70,000 náírà, kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Nítorí náà, ẹ̀rí-ọkàn yín ni adájọ́.

Ẹ bá a ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi owó náà lé òun gan-an lọ́wọ́, kì í ṣe alárinà. Ẹ má ṣe yọ owó abọ́ tó fọ́ nínú rẹ̀. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.