'LOL' KÌ Í ṢE ÌFẸ́ O! Lẹ́tà mẹ́ta tó lè da ẹbí rú

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fi ojú inú wo ilé ọ̀fọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ti kú. Opó jókòó sórí ẹní, àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ni fóònù màmá bá dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù tipẹ́tipẹ́. Ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́, ó gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kó bá òun kà á.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ pé bàbá ti lọ. Oorun ò kun ojú mi láti àná. Ọlọ́run á tù yín nínú. LOL."

Ọmọ kà á dé ìparí, ojú rẹ̀ yí padà. Màmá ní: "Kí ló tún kọ síbẹ̀ tó o fi dákẹ́?" Ọmọ ní: "Màmá, àǹtí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń fi wá rẹ́rìn-ín ni!"

Hàà! Ibi tí ìjà ẹbí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ̀wé ò rẹ́rìn-ín rárá o. Ẹkún ló ń sun nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Lójú tiẹ̀, ìfẹ́ ló fi parí ọ̀rọ̀.

ÌTUMỌ̀ RẸ̀ GAN-AN

Inú "laughing out loud" ni wọ́n ti gé LOL jáde. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín sókè, ó ń rín kèékèé. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gbà á wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2011. Àmọ́ àwọn kan wà, àgàgà àwọn àgbà tó ti kọ lẹ́tà púpọ̀ láyé wọn, tó jẹ́ pé "lots of love", ìfẹ́ púpọ̀, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ṣe David Cameron náà nìyẹn, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, Rebekah Brooks, tó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn The Sun rí, sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Leveson pé LOL ni Cameron máa fi ń parí àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun nígbà mìíràn. Ìfẹ́ púpọ̀ ló pè é. Ìgbà tó wá mọ̀ pé ẹ̀rín ni, ó jáwọ́ kíá. Bí ẹni tó ń darí ìlú tó ni èdè bá lè ṣì í mú, kí ló wá kù fún ìyá arúgbó?

OWÓ LÓ KỌ́ WA NÍ GÍGÉ

Ọ̀rọ̀ àgékúrú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó tẹ wáyà láyé ìjọ́un mọ̀ pé iye ọ̀rọ̀ ni iye owó. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, náírà 50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan. Kódà béèyàn ò sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, owó ìṣẹ́jú kan odidi ti lọ nìyẹn. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí Glo, ilé iṣẹ́ Mike Adenuga ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, dé, kí àwọn èèyàn tó máa san owó ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n bá fi sọ̀rọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni mẹ̀kúnnù sá sí. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ kan ò gbà ju lẹ́tà 160 lọ. Béèyàn bá tún lọ fi ẹ, ọ àti ṣ kọ Yorùbá rẹ̀ bó ṣe yẹ, àyè ọ̀hún á já wálẹ̀ sí 70 péré. Ọwọ́ gbogbo èèyàn bá mọ́ gígé.

ÀROKÒ ÌJẸ̀BÚ

Ṣé Ìjẹ̀bú ò ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí fóònù tó dé ni? Ní ọdún 1887, ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé àlàyé àrokò mélòó kan jáde. Ọ̀kan nínú wọn, olórí ogun Ìjẹ̀bú kan ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba tó wà lẹ́yìn odi. Owó ẹyọ mẹ́fà ni, pẹ̀lú ìyẹ́ kan.

Ẹni tí ò mọ̀ á ní owó táṣẹ́rẹ́ àti ìyẹ́ adìyẹ ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀fà la ti ń gbọ́ fà: mo fà ọ́ mọ́ra, ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ń ro etí: ọ̀rọ̀ mi ti dé etí rẹ, tètè máa bọ̀ kí n fojú kàn ọ́.

Ohun tó mú àrokò ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó di í àti ẹni tó tú u jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Níbi tí wọn ò bá ti jọ mọ̀ ọ́n, ìyẹ́ á di ìyẹ́ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni LOL rí.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, níbi àwàdà, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá kọ ọ́ lóde òní, wọ́n kàn fi ń rọ ọ̀rọ̀ kó má baà le ni. Ìyẹn náà léwu o. Oníṣòwò Òkè-Ajé tó bá kọ "Owó mi ọwọ́ yín ńkọ́? LOL" sí onígbèsè ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó di àwàdà. Onígbèsè á bá a rẹ́rìn-ín, á sì padà sùn.

Níbi ikú àti àìsàn, ẹ má dán an wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025 tí Awujalẹ̀, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, wàjà, ta ló jẹ́ fi LOL parí ìkẹ́dùn sí ààfin? Ọ̀fọ̀ opó tí kò lórúkọ náà, ọ̀fọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ délẹ̀: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró." Pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, kò tó lẹ́tà 50. Inú àyè 70 ọ̀hún, ó gbà á, ó tún ṣẹ́kù. Kí la wá ń gé e sí?

Ẹni tí wọ́n bá sì kọ irú rẹ̀ sí, kó má tíì pe ẹbí jọ. Kó kọ́kọ́ pe ẹni tó kọ ọ́. Bí ọmọ màmá ilé ọ̀fọ̀ yẹn bá tẹ fóònù sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni LOL tẹ́ ẹ kọ yìí?", kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi gbọ́ ọ: "Ìfẹ́ mà ni, ọmọ mi. Gbé fóònù fún ìyá ẹ." Àwọn méjèèjì á sì jọ sunkún wọn pọ̀, bó ṣe yẹ kó rí láàárín ọmọ ìyá.