Ohun tí Aṣáájú Àdúgbò Lè Kọ́ Lára Oyin

Nígbà tí owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè bá wọ àdúgbò, ìbéèrè tí ó sábà máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ ni ibi tí a óò gbé iṣẹ́ náà sí. Bí ó bá jẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹnì kan lè fẹ́ kí ó wà lẹ́nu ọ̀nà alága, kí ẹlòmíràn sọ pé ẹ̀yìn ọjà ni ó yẹ. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú yàrá ẹnì kan ni ìpinnu náà ti jáde, owó lè tán kí omi má dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò rí omi mu. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí kòkòrò oyin ṣe ń yanjú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Martin Lindauer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó tọpa ọ̀ràn yìí ní nǹkan bí ọdún 1950. Karl von Frisch, olùkọ́ rẹ̀, ti fi hàn ṣáájú pé ijó ni oyin fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973. Thomas Seeley ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ni ó mú ìwádìí náà tẹ̀síwájú.

Bí ilé oyin bá kún jù, ayaba àtijọ́ àti nǹkan bí 10,000 oyin a jáde, wọn a sì ṣù mọ́ ẹ̀ka igi. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú wọn a lọ ṣe amí. Wọn a yẹ inú ihò igi wò bóyá ó lè gba gbogbo wọn, àti bóyá ẹnu rẹ̀ kéré tó láti dáàbò bò wọ́n. Amí tí ó bá rí ibi tí ó dára a padà wá jó. Bí ibẹ̀ bá ṣe dára tó ni ijó rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Ayaba kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹyin yíyé ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé ètò yìí ró. Èkínní, amí kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń rán. Èkejì, àwọn amí tí ó rí ijó náà kì í fi ẹnu lásán gbà. Wọn a fò lọ wo ibẹ̀ fúnra wọn, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀kẹta, kò sí amí tí í tẹnu mọ́ tirẹ̀ títí láé. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún padà dé ni ijó rẹ̀ ń dínkù, títí yóò fi dákẹ́. Ibi tí kò dára kì í rí alátìlẹ́yìn tuntun. Nígbà tí nǹkan bí 20 sí 30 amí bá pàdé níbi kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpinnu ti dé nìyẹn.

Àmọ́ ènìyàn kì í ṣe oyin. Oyin kò ní ilẹ̀ tí yóò tà, kò sì ní àna tí ó jẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Nítorí náà, ó di dandan kí a fi ohun kan kún ẹ̀kọ́ yìí: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yẹra nígbà tí a bá ń dìbò.

A rọ ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin ìyálọ́jà pé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ibi tí iṣẹ́ yóò wà, kí ẹ rán ènìyàn púpọ̀ lọ wò ó. Kí àwọn obìnrin tí ń pọnmi, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbàlagbà wà nínú wọn. Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Kí gbogbo ìpàdé fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí iye ohùn tí yóò mú ìpinnu dúró. Kí alága sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ̀rù má baà pa òtítọ́ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.