Wọ́n Ra Fúláàtì Tán, Owó Sísan Kò Tán

Florence Bourne kì í ṣe ayálégbé. Fúláàtì tó rà ló ń gbé ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, nígbà tó di ẹni ọdún 93, bíìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £50,000 já lé e lórí. Owó òrùlé ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá ni pé ẹni tó ra fúláàtì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kì í sábà ra ilé. Líìsì ló ń rà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo fúláàtì náà fún iye ọdún kan. Òfin ọdún 1980 tí ìjọba Margaret Thatcher ṣe ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ayálégbé káńsù láti ra ibi tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀dínwó, àwọn Yorùbá Peckham àti Thamesmead sì wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Ọdún 125 ni líìsì káńsù sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n òrùlé, àtẹ̀gùn àti ògiri ìta ṣì wà lọ́wọ́ onílé, ìyẹn káńsù tàbí ẹni tó ni gbogbo ilé náà. Onílé ló ń tún wọn ṣe, àwọn tó ra fúláàtì ló ń dá owó rẹ̀. Owó yẹn ni service charge.

Ẹ jẹ́ ká ṣí bíìlì kan wò. Owó àwọn tó ń gbálẹ̀ àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, adójútòfò ilé, àtúnṣe kéékèèké, owó iṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó ilé náà. Nígbà mìíràn, owó ìpamọ́ fún iṣẹ́ ńlá ọjọ́ iwájú. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ lè rí owó ẹ̀rọ agbéniròkè nínú tirẹ̀, kó sì fárígá pé òun kò gùn ún rí. Bí líìsì bá ní kó san, kò sí ọ̀nà àbáyọ. Líìsì ló ń sọ ohun tí wọ́n lè gbà àti bí wọ́n ṣe máa pín in: ọgbọọgba, tàbí gẹ́gẹ́ bí fúláàtì ṣe tóbi sí. Iye tí wọ́n fojú bù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Tí ọdún ìnáwó bá parí, wọ́n á ṣírò ohun tí wọ́n ná gan-an, wọ́n á sì béèrè owó tó kù tàbí kí wọ́n dá ṣẹ́ńjì padà.

Iṣẹ́ ńlá ló ń gbé gbèsè wálé. Ká ní òrùlé yóò jẹ £300,000, tí fúláàtì sì jẹ́ 30: £10,000 kan oníkálukú nìyẹn. Nítorí irú èyí ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní Òfin Florrie, tí wọ́n fi orúkọ Florence Bourne pè, fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Níbi tí owó ìjọba orílẹ̀-èdè bá ti wọ iṣẹ́ àtúnṣe, káńsù Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ gbà ju £15,000 láàárín ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú fúláàtì tó rà. Níbòmíràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £10,000 ni. Níbi tí irú owó bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ààlà náà kò sí.

Òfin ọdún 1985 lórí onílé àti ayálégbé ló lágbára jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ra fúláàtì, ó sì dunni pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ní owó tó bá bọ́gbọ́n mu nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ san, fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa. Abala 20 rẹ̀ sọ pé bí iṣẹ́ àtúnṣe yóò bá mú kí ẹnikẹ́ni san ju £250 lọ, onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé, kó sì fún wọn ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, £250 ló máa gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi bí ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Owó tó bá sì ti lé ní oṣù 18 tí wọ́n ti ná kí bíìlì tó dé, tí wọn kò fi ìwé sọ fún ẹni tó ra fúláàtì láàárín àkókò yẹn, ti di òfò onílé.

Ìwé 30 ọjọ́ yìí ló ń bọ́ mọ́ àwọn ará wa lọ́wọ́. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn, tó fi fúláàtì sílẹ̀ fún ayálégbé, lè má gbúròó rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì tuntun gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ onílé.

Kíkọ̀ láti sanwó láìwí nǹkan kan léwu. Báńkì tó yáni lówó lè san án fún onílé, kó sì gbé e ka orí gbèsè ilé. Ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ibi tí líìsì yóò ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Béèrè àkọsílẹ̀ ìnáwó àti risíìtì, òfin fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí owó náà bá ṣì rú ọ lójú, gbé e lọ sí First-tier Tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí o tó lọ, kàn sí Leasehold Advisory Service, tí ìjọba ń ná owó lé lórí: ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.