Ẹni Tí Ó Ní Àṣẹ Láti So Tọkọtaya Pọ̀ Lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó gbà pé àdúrà àlùfáà àti òrùka tí a fi sí ìka ni ó ń sọ ọkùnrin àti obìnrin di tọkọtaya. Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí àlùfáà dúró sí, àti ìwé tí a fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó la ẹnu, ni ó ń fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò ní adarí kan tí òfin yàn. Ẹbí ni ó ń fi ọmọ fún ẹbí. Ìfohùnṣọ̀kan, ìdána, àti fífa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́ ni ó ṣe kókó. Alága ìdúró àti alága ìjókòó tí wọ́n gbòde lóde òní, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀fẹ̀ àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó, kò ní àṣẹ kankan. Bí wọn kò tilẹ̀ wá, ìgbéyàwó ti dúró. Bákan náà ni yìgì síso rí. Lẹ́mọ́mù ni ó sábà máa ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n wálíì tí ó dúró fún ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì àti sàdáákì ni ó gbé e ró.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí ó bá kan Òfin Ìgbéyàwó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1884, tí a tún ṣe ní 1914, tí ó sì wà nínú Àkójọ Òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti 2004. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹni méjì péré ni òfin yìí mọ̀. Èkíní ni akọ̀wé ìgbéyàwó, ìyẹn rẹ́jísírà, nínú ọ́fíìsì rẹ̀, láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni àlùfáà tí ìjọ tí ó ni ilé ìsìn náà gbà ní àlùfáà, láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀. Ilé ìsìn náà gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ Mínísítà. Nítorí náà, pásítọ̀ tí ó so tọkọtaya pọ̀ ní gbọ̀ngàn àríyá tàbí ní etí òkun kò ní àṣẹ níbẹ̀, àfi bí Mínísítà bá fún wọn ní ìwé-àṣẹ àkànṣe.

Ti ìwé ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí rẹ́jísírà. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 ni yóò tó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí, bí ẹnikẹ́ni kò bá lòdì sí i. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìfilọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Òfin kọ̀ fún àlùfáà láti so wọ́n pọ̀ kí ìwé-ẹ̀rí yìí tàbí ìwé-àṣẹ Mínísítà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó rò pé kíké orúkọ tọkọtaya nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú ti tó. Kò tó. Àlùfáà tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní àṣẹ tí ó sì ṣe é lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura.

Ó yẹ kí a fi abala 21 wé abala 33. Abala 21 sọ pé kí àlùfáà jẹ́ ti ìjọ tí ó ni ilé. Abala 33, tí ó ka ohun tí ń sọ ìgbéyàwó di asán, kò béèrè ju pé kí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ kan ṣáá tàbí rẹ́jísírà. Bíṣọ́ọ̀bù àlejò láti ìjọ mìíràn tàpá sí ìlànà, ṣùgbọ́n kò ba ìgbéyàwó jẹ́. Abala 33 kan náà sọ pé àbùkù ibi, ìwé tàbí adarí kò lè sọ ìgbéyàwó di asán àfi bí ọkọ àti aya, àwọn méjèèjì, bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a tàn jẹ ni abala yìí ń dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí ìwé ńkọ́? Nínú ẹjọ́ Obiekwe àti Obiekwe ní 1963, ilé-ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí ó dá dúró lójú òfin: bí kò bá jẹ́ ti Òfin Ìgbéyàwó, ti ìbílẹ̀ ni, bí wọ́n bá ti ṣe ti ìbílẹ̀. Obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun, tí a sì ti san ìdána rẹ̀ tẹ́lẹ̀, jẹ́ aya ìbílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lè fẹ́ ìyàwó mìíràn láìdẹ́ṣẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ òkú ọkọ ni yóò mọ̀, nígbà tí ẹbí bá sọ fún un pé àwọn ọmọ ni wọ́n ń jogún bàbá wọn ní ìlànà Yorùbá, pé opó kì í bá wọn pín in.

Àríyànjiyàn kan kù lórí rẹ́jísírà fúnra rẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 fi dídá ìgbéyàwó irú èyí sílẹ̀ sí abẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ nìkan, ó sì tún fi fíforúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí ó mú un le ni pé Òfin Ìgbéyàwó kò ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: òṣìṣẹ́ kan náà ni ó ń gba ìfilọ̀, tí ó ń so tọkọtaya pọ̀, tí ó sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé.